Káàdì Tí Bàbá Àgbà Mú

Mi ò fọkàn tán ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá fara balẹ̀ jù. Àwọn ọmọ mi ní ìfura mi ti pọ̀ jù, wọ́n ní bí àwọn bá kí mi kú àárọ̀, ọwọ́ àwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì mọ bí ọwọ́ ṣe ń rí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò mú ìwé kankan wọlé, ẹ̀rù ìdánwò ló ń bà á. Èyí tó tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì jẹ́jẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, tó tún ń béèrè pé ṣé ara mi le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń lọ dúró sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà ni mo ti kọ́ ọ, nílé wa lẹ́yìn Ọjà-Ọba, lọ́dún tí rédíò rẹ̀ dákẹ́ tí Bùrọ̀dá Gàníyù sì wá tún un ṣe.

Ilé wa kì í dákẹ́. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa ni ẹ ó ti máa gbọ́ tí búùtà Bàbá Àgbà ń kan sìmẹ́ńtì bó ṣe ń ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í po ẹ̀wà àkàrà, tí òróró á máa pariwo nínú agbada. Bí oòrùn bá yọ, àwọn ọmọ ilé kéú á dé pẹ̀lú wàláà wọn lábíyá, wọ́n á jókòó sórí ẹní lọ́tùn-ún lósì, oníkálukú á sì máa ké ibi tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé àlejò á rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Bàbá Àgbà nìkan ló máa ń gbọ́ ẹni tó ṣì í kà nínú gbogbo ariwo yẹn. Á na ọ̀pá rẹ̀ gígùn láti orí awọ àgùntàn tó jókòó lé, á fi kan orí ọmọ náà, ọmọ náà á sì padà sẹ́yìn lọ tún un kà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n pọn omi kún àmù Bàbá Àgbà, kí n sì ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Mo fẹ́ràn ẹ̀wà ṣíṣà ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ọmọ tó bá gbé àtẹ ẹ̀wà lé itan lè jókòó síbi tó bá wù ú, kò sí àgbà tó máa lé e. Ìyá Àgbà nìkan ló mọ ọgbọ́n tí mo ń dá. Ó máa ń ní, “Sìfáwù, ojú ẹ ń ṣa ẹ̀wà, etí ẹ ń ṣa ọ̀rọ̀.”

Bàbá Àgbà kò lè ṣe kó má gbọ́ rédíò. Alfa ni, ó ti kọ́ ọmọ tí kò lóǹkà ní kéú, ṣùgbọ́n bí ìròyìn bá ti ń bọ̀, àti ọmọ àti wàláà á dákẹ́. Nígbà tí rédíò náà wá dákẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí Bùrọ̀dá Gàníyù, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá Post Office tó ti ń tún rédíò ṣe. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ojúde ló máa ń bọ́ bàtà sí, níbi tí kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ ọ sí. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó tún rédíò ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì jáwọ́ nínú wíwá. Ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe sí. Rédíò ń ṣe dáadáa, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ. Anti Mulikat ló ń wá wò. Àbúrò bàbá mi ni, òun sì ni àbíkẹ́yìn Bàbá Àgbà. Ó ń ránṣọ nínú yàrá tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Bùrọ̀dá Gàníyù bá ti kí ará ilé báyìí, máṣíìnì Anti á dákẹ́. Bó bá lọ tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan, nítorí ọmọlúàbí ni Bùrọ̀dá Gàníyù, ó sì ń kírun lásìkò.

Àfi ọjọ́ tí òjò dá a dúró sílé wa. Àwọn ọmọ kéú ti lọ, gbogbo wa kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ omi sí wa lẹ́sẹ̀. Bùrọ̀dá Gàníyù kiwọ́ bọ àpò, ó kó káàdì jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣeré. Ó ní kí Anti Mulikat mú ẹyọ kan níbi tó bá wù ú, kó fi han àwa yòókù, kó má fi han òun. Anti mú èyí tí wọ́n ya ọba onídà sí. Ó dá a padà sáàárín àwọn yòókù. Bùrọ̀dá Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí í po káàdì náà pọ̀, ó ń pò ó, ó ń bi Ìyá Àgbà pé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ńkọ́, ṣé òjò yìí kò ní dá a sílẹ̀ báyìí, Ìyá Àgbà ń dá a lóhùn, ó ń pò ó lọ. Kò kánjú rárá. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sí Anti, ó ní kó ṣí èyí tó wà lókè pátápátá. Ọba onídà ló ń wò wá yẹn. Anti Mulikat fọwọ́ bo ẹnu, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Èmi wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wo òrùlé, ó ní, “Kì í ṣe ojú lásán,” ó sì fa àpótí tó jókòó lé sẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti yí padà. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí n fọ ife tí Bùrọ̀dá Gàníyù fi mu omi pọ̀ mọ́ ti ilé mọ́. Àwọn kan ní àlùjànnú ló ń bá a gbé káàdì náà wá sókè, wọ́n ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi kánjú, ẹni tó ní oníṣẹ́ kì í làágùn. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ atatẹ́tẹ́ nìyẹn, wọ́n ní irú wọn á ta ilé, á ta ọ̀nà, á wá fojú sí ìyàwó. Bí ó bá wọlé, ẹ̀rín á wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, ojú á sì wà ní àpò rẹ̀. Mo ti wá dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé ìfura kì í pariwo. Ó kàn máa ń sún àpótí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn á fi jókòó lóun nìkan. Nígbà náà, mo kàn mọ̀ pé máṣíìnì Anti kì í dákẹ́ mọ́ bó bá dé, nítorí Ìyá Àgbà ti wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

Àsìkò yìí gan-an ni àwọn ẹbí Bùrọ̀dá Gàníyù wá tọrọ Anti Mulikat. Nílé wa, bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ, Bàbá Àgbà kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Á ní kí wọ́n lọ ná, kí òun fi ọ̀rọ̀ náà lọ Ọlọ́run, á sì máa ṣe àdúà lé e lórí títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀ síbì kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ síbì kankan. Ó pe ìpàdé ẹbí, ó ní, “Bó bá jẹ́ àlùjànnú ló ń bá a ṣe é, n ò ní fún un. Bó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ni, n ò ní fún un.”

Anti Mulikat wà lẹ́yìn aṣọ ìlẹ̀kùn. Ó ní, “Bó bá jẹ́ eré lásán ńkọ́, Bàbá?”

“Eré wo ni àgbàlagbà ń ṣe tí kò ní jẹ́ kí ẹnìkejì rí ìdí ẹ̀?”

Bàbá wá ránṣẹ́ pé kí Bùrọ̀dá Gàníyù wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kó kó káàdì náà dání. Òun fúnra òun ni òun máa mú ẹyọ kan, òun á sì ké Áyátù Kúrúsíyù lé e lórí. Àlùjànnú kì í dúró níbi tí wọ́n bá ti ń ké Kúrúsíyù. Bí káàdì náà bá jáde síbẹ̀, kò sí àlùjànnú níbẹ̀, òun á sì fún un lọ́mọ. Bí kò bá jáde, a ti mọ ẹni tó ń bá a gbé e tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Anti mi ṣe di ọ̀rọ̀ ẹyọ káàdì kan nìyẹn.

Èmi kò gba ti àlùjànnú yẹn gbọ́. Kì í ṣe pé mo gbọ́n, ìfura mi ni kò jẹ́. Mo rò ó pé bí èèyàn bá ní àlùjànnú, kí ló dé tó fi ń tún rédíò ṣe jẹun? Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, mo bá Bùrọ̀dá Gàníyù lójúde níbi tó ti ń dúró kí wọ́n bá a pe bàbá mi, mo ní kó ṣe é fún mi. Ó ṣe é. Mo mú káàdì, mo dá a padà. Ó bi mí pé súrà wo ni mo ń kà ní kéú báyìí. Mi ò dá a lóhùn, mi ò sì gbójú sókè. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, mo sì rí i. Bí káàdì mi ṣe wọ àárín àwọn yòókù, orí ìka rẹ̀ tó kéré jù lọ wọ inú àlàfo tó wà lókè rẹ̀ díẹ̀, bí àwa ọmọ kéú ṣe máa ń fìka há ojú ewé tí a kà dé bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́. Lójú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, gbogbo káàdì ti pa dé. Kò pa dé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó, gbogbo èyí tó wà lórí ìka yẹn ló kọ́kọ́ kó lọ sísàlẹ̀, tèmi wá di ti òkè. Láti ibẹ̀ lọ, bó ti wù kó pò ó tó, àwọn ti ìsàlẹ̀ ló ń pò, kò da ti òkè rú.

Mo ní, “Mo rí ìka yín.”

Ó wò mí dáadáa. “Ìwọ nìkan lo wo ibẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é kíákíá?”

“Bí mo bá ṣe é kíákíá, gbogbo wọn á wò ó. Ọwọ́ tó bá ń sáré ni wọ́n ń fura sí. Bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ni kó máa lọ, ká sì máa sọ̀rọ̀ wa. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Kò bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn náà tún fu mí lára. Àmọ́ ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Jímọ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò sí Kúrúsíyù tó ń lé ìka kúrò lára ọwọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ìrẹsì àti ẹran ni a jẹ, Anti Mulikat kò fẹnu kàn án. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá, àwọn ọmọ kéú jókòó yí ká, Bàbá Àgbà wọ jálàbíà funfun, ó jókòó sórí awọ àgùntàn rẹ̀. Bùrọ̀dá Gàníyù jókòó níwájú rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ pọ̀. Èmi gbé àtẹ ẹ̀wà, mo fìdí mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Bàbá ní bísímílááì, ó fa káàdì kan yọ, ó fi hàn wá, èyí tó ní àmì pupa márùn-ún. Lẹ́yìn náà ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké Áyátù Kúrúsíyù, gbogbo ọmọ kéú sì gbà á. Ó dijú bẹ́ẹ̀ dá káàdì padà, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tó máa kì í bọ̀, Bùrọ̀dá Gàníyù ló gbé àwọn yòókù sábẹ́ ọwọ́ náà fún un. Mo rí i tí ìka kékeré wọlé. Bùrọ̀dá gbójú sókè bó ṣe máa ń gbé e, ó fẹ́ bi Bàbá ní ìbéèrè kan, kò sì sí ojú tó máa bá pàdé. Ojú Bàbá ti dì pinpin, ó gbé e sókè ọ̀run, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Bùrọ̀dá Gàníyù wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ìka kékeré yẹn yọ jáde. Mo rí i dájú. Káàdì pa dé. Ó pò ó bí ẹni tó ń po ẹ̀kọ gbígbóná, ó ṣí ti òkè, ó ní, “Ṣé èyí ni, Bàbá?” Bàbá lajú. Kì í ṣe òun.

Ariwo Àláhù Àkúbárù gba gbogbo àgbàlá. Ìyá Àgbà ní ẹ ò rí i, ṣé òun ò sọ. Bàbá Àgbà kò pariwo, ó kàn gbé ojú sílẹ̀, ó ní kí Bùrọ̀dá Gàníyù máa lọ, kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́, òun kò lè fọmọ fún ẹni tí àlùjànnú ń bá ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó kírun àlàásárì, ọ̀rọ̀ ti dé mọ́sálásí. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn èèyàn fi ń wá láti ìhà Ìpata lọ́hùn-ún kí Bàbá lè ké Kúrúsíyù lé wọn lórí, wọ́n ní alfa tí àlùjànnú ń sá fún ni. Bàbá Àgbà ń rìn bí ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ dín kù. Anti Mulikat ní tirẹ̀ rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ọrùn, ó tú u, ó tún rán an mọ́ ibẹ̀ padà.

Mo lọ bá a. Mo ní, “Anti, kì í ṣe àlùjànnú. Ìka ni.” Mo fi ìwé kéú mi ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún un, bó ṣe ń fìka há àárín. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ojú rẹ̀ kàn kéré sí i.

“Ó ti ń tàn mí jẹ látọjọ́ yìí nìyẹn. Ì bá sàn kó jẹ́ àlùjànnú. Àlùjànnú ṣeé lé, ìwà ò ṣeé lé.”

“Ṣùgbọ́n ó yọ ìka náà fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ti wà níbẹ̀, ó yọ ọ́.”

“Nígbà wo?”

“Nígbà tí Bàbá dijú tí wọ́n kọjú sókè.”

Anti Mulikat gbé aṣọ náà sílẹ̀. Ó sunkún, ó sunkún gan-an, kì í ṣe irú ẹkún tó ti ń sun láti ọjọ́ yẹn. Mo ní ká lọ sọ fún Bàbá. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí Bàbá lọ dúró ní mọ́sálásí kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé kò sí ohun tó sá fún un. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ nu ojú. Ó tún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wí fún ara rẹ̀ wẹ́rẹ́, pé àlùjànnú ṣeé lé. Ó dìde, ó bọ́jú, ó ní kí n bá òun wá igbá tó mọ́.

Fùrá ló po sínú igbá náà, wàrà tútù ló fi pò ó, bí Bàbá ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà mi. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Bàbá, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Ó béèrè pé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n lánàá ńkọ́. Bàbá ní ó ti fúyẹ́. Anti ní òun á bá wọn wá òróró tí wọ́n máa fi pa á. Bàbá mu fùrá. Anti ń fẹ́ ẹ lọ, ohùn rẹ̀ kò yí padà, ó ní, “Bàbá, èyí tí ẹ lé lọ yẹn, ṣé ó lè padà wá sára ẹni tó ti kúrò lára ẹ̀?”

“Kó padà? Pẹ̀lú Kúrúsíyù tí mo ké yẹn?”

“Mo ní kí n bi yín ni. Àwọn kan ń sọ ọ́ lọ́jà pé ó lè padà.”

“Àwọn wo? Ó ti lọ pátápátá. Ara ọmọ náà mọ́ tónítóní báyìí.”

“Àlùhámúdùlílááì,” ni Anti wí, ó sì ń fẹ́ ẹ lọ.

Bàbá gbé igbá dúró lẹ́nu. Kò mu ún. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí lọ́kàn, pé bí ara ọmọ náà bá ti mọ́, kí ló tún wà nílẹ̀ tí òun kò fi ní fún un lọ́mọ? Kí wọ́n lọ pè é wá lọ́la. Mo wo Anti Mulikat. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lórí abẹ̀bẹ̀, kò yára, kò falẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá ń fẹ́ mi lábẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Anti ṣọ́ Bùrọ̀dá Gàníyù lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bí Bàbá bá ní ó ti lọ, ẹ ṣáà ní àlùhámúdùlílááì. Ẹ má fi nǹkan kan kún un.” Bùrọ̀dá Gàníyù wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó. Anti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi gèlè bo ojú díẹ̀. Bàbá ní, “Gàníyù, ṣé o mọ̀ ọ́n lára pé ó ti lọ?”

Bùrọ̀dá Gàníyù ní, “Bàbá, kò sí níbẹ̀ rí. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é.”

“Kí ló wá dé tí káàdì mi ò jáde?”

“Mo jẹ́ kó bọ́ ni.”

“Kúrúsíyù ló dẹ́rù bà ọ́?”

“Rárá, Bàbá. Ẹ dijú ni. Àwọn yòókù máa ń wò mí, wọ́n ń wá ọwọ́ mi, èmi náà ń fi í pamọ́ fún wọn, eré là ń bá ara wa ṣe. Ẹ̀yin ò wò mí. Ọlọ́run lẹ kọjú sí. N ò lè ṣe é fún ẹni tó kọjú sí ibẹ̀.”

“O sì mọ̀ pé n ò ní fún ọ lọ́mọ.”

“Mo mọ̀.”

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí mo mọ iye ẹnu tó ti kí i kú iṣẹ́ ní mọ́sálásí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Màá lọ sọ fún wọn fúnra mi.” Kò wo Bùrọ̀dá Gàníyù nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ara ògiri ló ń wò.

“Mulikat.”

“Bàbá.”

“Nígbà tí o ń gbé fùrá wá fún mi lánàá, o ti mọ èyí?”

Anti Mulikat ti dojú bolẹ̀ lórí eékún rẹ̀. “Mo ti mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ foríjì mí.”

Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó yí padà sí Bùrọ̀dá Gàníyù, ó ní, “Mo fi í fún ọ. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i. Ṣùgbọ́n tètè gbọ́ èyí lẹ́nu mi: ọjọ́ tó bá gbé fùrá fún ọ, tó ń fẹ́ ọ, tó sì ń béèrè ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, má wo ojú ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ni kóo máa ṣọ́.”